Búrẹ́dì mélòó ni kí ààrò yan lónìí? Bí ìlà mẹ́ta lórí bébà ṣe ń pín fúláwà àti àsìkò

Nígbàkígbà tí owó fúláwà bá tún gun òkè, ìbéèrè kan náà ni àwọn oníbúrẹ́dì máa ń bi ara wọn: èwo ni ká ṣe púpọ̀, èwo ni ká dín kù? Ìdáhùn tó máa ń kọ́kọ́ wá sẹ́nu ni pé ká gbájú mọ́ èyí tí èrè rẹ̀ pọ̀ jù lórí dọ́sìnnì kan. Ó jọ ọgbọ́n lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nínú àpẹẹrẹ tí a fẹ́ yẹ̀ wò yìí, ẹni tó bá tẹ̀ lé ọgbọ́n yẹn yóò máa pàdánù ₦18,000 lójoojúmọ́, fúláwà tó lé ní àpò kan ààbọ̀ yóò sì máa ṣẹ́ kù sílẹ̀ láìlò.

Ìṣirò tó ń tú àṣírí irú àdánù bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní linear programming. Àwọn ọmọ iléèwé gírámà máa ń bá a pàdé nínú ìwé ìṣirò wọn. Wọ́n á ya á sórí bébà gíráàfù, wọ́n á gba máàkì, wọ́n á sì gbàgbé rẹ̀, láìmọ̀ pé ṣọ́ọ̀bù ìyá wọn gan-an ló wúlò fún. Ó ṣeni láàánú, nítorí pẹ́ńsù, rúlà àti àròpọ̀ òun ìyọkúrò ni gbogbo ohun tó ń béèrè.

Kí ni orúkọ náà ń wí?

Orúkọ náà ló ń dẹ́rù bani jù, nítorí náà ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tú u palẹ̀. “Programming” tó wà níbẹ̀ kò kan kọ̀ǹpútà. Ní 1947, George Dantzig, onímọ̀ ìṣirò kan, ń bá àwọn ọmọ ogun òfurufú Amẹ́ríkà ṣiṣẹ́, “program” sì ni àwọn ológun ń pe ètò: ètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́, ètò bí oúnjẹ àti ohun èlò yóò ṣe dé ibùdó lásìkò. Ibẹ̀ ni orúkọ náà ti wá. Ètò ṣíṣe ló túmọ̀ sí.

“Linear” ní tirẹ̀ jẹ mọ́ ìlà gbọọrọ, ìlà tí kò wọ́ tí kò sì tẹ̀. Ohun tó ń sọ ni pé ìwọ̀n kan náà ni nǹkan fi ń pọ̀ sí i: bí dọ́sìnnì búrẹ́dì kan bá gba kílò fúláwà 6, dọ́sìnnì 2 yóò gba kílò 12, dọ́sìnnì 10 yóò gba kílò 60. Ẹ ya irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sórí bébà, ìlà gbọọrọ ni yóò jáde.

Dantzig kọ́ ló kọ́kọ́ ronú kan ọ̀rọ̀ yìí. Ní 1939, Leonid Kantorovich, onímọ̀ ìṣirò kan ní ìlú Leningrad ní Soviet Union, ti ṣe irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ fún ilé iṣẹ́ tó ń ṣe páìwúùdù, tó fẹ́ mọ bí yóò ṣe pín iṣẹ́ sórí oríṣiríṣi ẹ̀rọ kí ohun tó ń jáde lè pọ̀. Ní 1975, òun àti Tjalling Koopmans, onímọ̀ ọrọ̀ ajé, jọ gba ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ ọrọ̀ ajé.

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni kí ẹ mú dání bí a ṣe ń lọ. *Ìpinnu* ni ohun tó wà lọ́wọ́ yín láti yàn, bí iye dọ́sìnnì tí ẹ fẹ́ ṣe. *Ààlà* ni ohun tí kò jẹ́ kí ẹ lè ṣe tó bí ẹ ṣe fẹ́: fúláwà mọ níwọ̀n, ọjọ́ mọ níwọ̀n, oníbàárà mọ níwọ̀n. *Àfojúsùn* ni ohun tí ẹ fẹ́ kó pọ̀ jù lọ tàbí kó kéré jù lọ. Èrè ni tiwa níbí.

Kí ló wà nílẹ̀, kí ló sì lè tán?

Ká mú ilé búrẹ́dì kan tó ń ṣe oríṣi méjì, búrẹ́dì Agége àti búrẹ́dì oníbọ́tà. Àpẹẹrẹ ni àwọn iye yìí. Kí kálukú fi tirẹ̀ rọ́pò.

Fúláwà ọjọ́ kan jẹ́ àpò 6. Kílò 50 ni àpò kan, nítorí náà kílò 300 ló wà nílẹ̀. Dọ́sìnnì Agége kan ń gba kílò 6, dọ́sìnnì oníbọ́tà kan ń gba kílò 4.

Ààrò kan ṣoṣo ló wà, dọ́sìnnì 5 ló sì ń gbà lẹ́ẹ̀kan. Láti ìgbà tí wọ́n bá ti kó Agége wọlé títí wọ́n á fi kó o jáde, ìṣẹ́jú 30 ni. Ti oníbọ́tà jẹ́ ìṣẹ́jú 40. Ẹ pín in sí márùn-ún: ìṣẹ́jú 6 ló kan dọ́sìnnì Agége kan, ìṣẹ́jú 8 ló kan ti oníbọ́tà. Wákàtí 8 ni ààrò fi ń yan búrẹ́dì lẹ́yìn tó bá ti gbóná tán, ìyẹn ìṣẹ́jú 480. Ẹ kíyè sí “lẹ́yìn tó bá ti gbóná tán” yẹn. Àsìkò tí wọ́n fi ń dáná sí i kò yan búrẹ́dì kankan, ẹ má kà á mọ́ ọn.

Ààlà kẹta wá láti ọjà. Àwọn alátùntà kò lè tà ju dọ́sìnnì oníbọ́tà 54 lọ lójúmọ́. Agége kò ní irú ààlà yẹn. Iye yòówù tó bá jáde ló ń tán.

Èrè wá ń kọ́? Ibí ni ọ̀pọ̀ ìṣirò ti ń wọ́. Ẹ mú iye tí ẹ ń ta dọ́sìnnì kan, kí ẹ yọ owó ohun tó ń pọ̀ sí i bí búrẹ́dì ṣe ń pọ̀ sí i nìkan: fúláwà, ṣúgà, bọ́tà, yíìsì, iyọ̀, ọ̀rá tí a fi ń dì í. Ẹ má yọ owó ilé, ẹ má sì yọ owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́, nítorí yálà ẹ ṣe dọ́sìnnì 10 tàbí 60 lónìí, iye kan náà ni ẹ máa san lópin oṣù. Inú èrè àpapọ̀ ni ẹ ó ti san wọ́n. Bí ẹ bá pín owó ilé lé dọ́sìnnì kọ̀ọ̀kan lórí, ẹ ti da ìṣirò rú kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Nínú àpẹẹrẹ wa, ₦1,800 ló ń ṣẹ́ kù lórí dọ́sìnnì Agége, ₦2,000 lórí ti oníbọ́tà.

Báwo ni a ṣe ń sọ ọ̀rọ̀ yìí di ìṣirò?

Ẹ pe iye dọ́sìnnì Agége ní *x*, kí ẹ pe iye dọ́sìnnì oníbọ́tà ní *y*. Gbogbo ohun tí a ti sọ yóò wá di ìlà kúkúrú mélòó kan:

Fúláwà: 6x + 4y ≤ 300
Ààrò: 6x + 8y ≤ 480
Ọjà: y ≤ 54
Èrè: 1,800x + 2,000y

Àmì ≤ ń sọ pé “kò gbọdọ̀ ju èyí lọ”. Kì í sọ pé ẹ gbọ́dọ̀ lò ó tán. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì ló ń gbé gbogbo iṣẹ́ yìí ró: ó lè jẹ́ pé ohun tó máa mówó wọlé jù ni kí ẹ fi nǹkan kan sílẹ̀ láìlò. Ẹ fi kún un pé x àti y kò lè dín sí òdo, nítorí kò sẹ́ni tó lè ṣe búrẹ́dì tó dín sí òdo. Ó jọ ohun tí kò yẹ ká ṣẹ̀ṣẹ̀ máa sọ, àmọ́ kọ̀ǹpútà kò mọ̀ ọ́n àyàfi bí ẹ bá sọ fún un.

Báwo ni a ṣe ń ya á?

Ẹ ya ìlà ìbú fún Agége, ìlà òró fún oníbọ́tà. Ẹ jẹ́ kí sẹ̀ǹtímítà 2 dúró fún dọ́sìnnì 10 lórí ìlà méjèèjì, kí ẹ sì ka méjèèjì dé 80. Sẹ̀ǹtímítà 16 ni yóò gùn, ó sì wọ bébà gíráàfù kan dáadáa.

Láti ya ìlà fúláwà, ibi méjì péré ni ẹ nílò. Bí gbogbo fúláwà bá bá Agége lọ, dọ́sìnnì mélòó ni? 300 pín sí 6 jẹ́ 50. Ẹ fi àmì sí 50 lórí ìlà ìbú. Bí gbogbo rẹ̀ bá bá oníbọ́tà lọ ń kọ́? 300 pín sí 4 jẹ́ 75. Ẹ fi àmì sí 75 lórí ìlà òró, kí ẹ sì fi rúlà so àmì méjèèjì pọ̀. Ti ààrò lọ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́: 480 pín sí 6 jẹ́ 80 lórí ìlà ìbú, 480 pín sí 8 jẹ́ 60 lórí ìlà òró. Ti ọjà rọrùn jù lọ: ó kàn gba 54 kọjá ní ìbú ni, láti òsì dé ọ̀tún.

Ìlà kọ̀ọ̀kan ti pín bébà sí méjì báyìí, apá tó ṣeé ṣe àti apá tí kò ṣeé ṣe. Láti mọ èwo ni èwo, ẹ dán igun òdo wò, níbi tí x àti y ti jẹ́ òdo. Ẹni tí kò ṣe búrẹ́dì kankan kò lo fúláwà kankan, nítorí náà apá tí òdo wà ló ṣeé ṣe. Kí ẹ wá fi pẹ́ńsù kun apá *tí kò ṣeé ṣe*. Ọ̀pọ̀ ìwé ní kí a kun èyí tó dára, ṣùgbọ́n bí ìlà bá ti di mẹ́ta, bébà á ti dúdú jù láti rí nǹkan kan. Bí ẹ bá kun èyí tí kò dára, ibi tó mọ́ tó ṣẹ́ kù láàárín ni pápá yín. Ibikíbi tí ẹ bá fi ìka tẹ̀ nínú pápá yẹn, iye búrẹ́dì tí ẹ lè ṣe lónìí láìtọrọ ohunkóhun ni.

Pápá tiwa ní igun márùn-ún. Mẹ́rin nínú wọn nìyí: igun òdo. Agége 50 nìkan. Oníbọ́tà 54 nìkan. Àti ibi tí ìlà ọjà ti pàdé ìlà ààrò. Èyí tó kù ni ibi tí ìlà fúláwà àti ìlà ààrò ti rékọjá ara wọn.

Kí ló dé tó fi jẹ́ igun nìkan là ń wò?

Àìmọye ibi ló wà nínú pápá náà, àmọ́ a kò ní dán gbogbo wọn wò. Ẹ fojú inú wo ewúrẹ́ tí wọ́n sé mọ́ inú ọgbà tí gbogbo ògiri rẹ̀ lọ gbọọrọ. Òórùn èèpo iṣu ń fẹ́ wá láti òde. Ewúrẹ́ náà yóò tẹ̀ lé òórùn títí yóò fi kan ògiri, yóò wá fara ra ògiri náà lọ, títí dé ibi tí ògiri méjì ti pàdé, tí kò sì ní rí iwájú lọ mọ́. Èrè ni èèpo iṣu yẹn. Níwọ̀n ìgbà tí gbogbo ààlà bá ti jẹ́ ìlà gbọọrọ, inú igun ni ìrìn náà máa ń parí sí.

Ẹ lè fojú ara yín rí i. Ẹ mú èrè kékeré kan, bíi ₦36,000. Agége 20 nìkan mú un wá, oníbọ́tà 18 nìkan náà mú un wá. Ẹ so ibi méjèèjì pọ̀. Kí ẹ wá gbé rúlà lé ìlà yìí, kí ẹ máa tì í kúrò lọ́dọ̀ òdo díẹ̀díẹ̀ láìjẹ́ kó yí. Bó ṣe ń jìnnà ni èrè ń pọ̀ sí i. Ibi tó bá fara kan kẹ́yìn kó tó jáde kúrò nínú pápá ni ìdáhùn.

Rúlà máa tọ́ka sí igun tí fúláwà àti ààrò ti pàdé. Ẹ má fi ojú ka iye ibẹ̀, nítorí pẹ́ńsù tó kú lẹ́nu lè yí dọ́sìnnì kan tàbí méjì padà. Ẹ ṣírò rẹ̀. 6x + 8y jẹ́ 480, 6x + 4y jẹ́ 300. Ẹ yọ ìkejì kúrò nínú àkọ́kọ́: 4y jẹ́ 180, nítorí náà y jẹ́ 45. Ẹ fi 45 padà sínú ti fúláwà: 6x jẹ́ 120, x jẹ́ 20.

Ẹ wá wo èrè igun kọ̀ọ̀kan. Agége 50 nìkan: ₦90,000. Oníbọ́tà 54 nìkan: ₦108,000. Agége 8 pẹ̀lú oníbọ́tà 54: ₦122,400. Agége 20 pẹ̀lú oníbọ́tà 45: ₦126,000. Òdo kò mú nǹkan kan wá.

Ibo ni ₦18,000 yẹn ń gbà lọ?

Ẹni tó ń ṣe oníbọ́tà nìkan, nítorí pé ₦2,000 ju ₦1,800 lọ, ń parí iṣẹ́ pẹ̀lú ₦108,000. Dọ́sìnnì 54 rẹ̀ gba kílò fúláwà 216 àti ìṣẹ́jú 432 nínú ààrò. Kílò 84 jókòó sílẹ̀. Ààrò fi ìṣẹ́jú 48 jóná lásán. Ẹni tó ń ṣe Agége nìkan tún burú jù ú lọ: fúláwà rẹ̀ tán pátá, ṣùgbọ́n ààrò rẹ̀ ṣófo fún wákàtí 3 gbáko.

Ohun tó wà nídìí rẹ̀ ni pé búrẹ́dì méjèèjì kì í jẹ nǹkan kan náà bákan náà. Agége ń jẹ fúláwà, kì í pẹ́ nínú ààrò. Oníbọ́tà kì í jẹ fúláwà tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń gba àyè nínú ààrò. Bí ẹ bá pa wọ́n pọ̀ ní ìwọ̀n tó yẹ, ohun méjèèjì á tán lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ jẹ́ ká tọ ìyípadà kan lẹ́sẹ̀, láti Agége 8 pẹ̀lú oníbọ́tà 54 bọ́ sí Agége 20 pẹ̀lú oníbọ́tà 45. Ẹ fi oníbọ́tà 9 sílẹ̀; ₦18,000 lọ. Àmọ́ ìṣẹ́jú 72 àti kílò 36 bọ́ sílẹ̀. Kílò 36 mìíràn ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò lò. Ìṣẹ́jú 72 àti kílò 72 yẹn tó fún Agége 12 géérégé, ₦21,600 sì ni Agége 12 máa mú wá. Èrè ti fi ₦3,600 lé sí i, láìra ohunkóhun.

Bí fúláwà bá gbówó lórí ń kọ́?

Ká ní iye tí ẹ ń ta búrẹ́dì kò yí padà, ṣùgbọ́n àpò fúláwà fi ₦1,000 lé sí i. Ìyẹn jẹ́ ₦20 lórí kílò kan. Agége tó ń gba kílò 6 pàdánù ₦120, oníbọ́tà pàdánù ₦80. Èrè wọn di ₦1,680 àti ₦1,920. Ẹ tún ti rúlà: igun kan náà ló máa kàn. Owó tó ń wọlé dín kù lóòótọ́, ṣùgbọ́n iye búrẹ́dì tó yẹ kí ẹ ṣe kò yí padà. Ohun tó ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu nìyí. Gbogbo ìgbà tí ọjà bá gbóná kọ́ ló yẹ kí ẹ da ètò yín nù.

Ó ní ibi tó ń dé tí ọ̀rọ̀ fi ń yí. Bí àpò bá fi ₦5,000 lé sí i, èrè Agége di ₦1,200, ti oníbọ́tà di ₦1,600. Ẹ ṣírò igun méjèèjì: Agége 20 pẹ̀lú oníbọ́tà 45 jẹ́ ₦96,000, Agége 8 pẹ̀lú oníbọ́tà 54 náà jẹ́ ₦96,000. Wọ́n dọ́gba. Ìlà èrè ti wá ń bá ìlà ààrò lọ ní ìbáradọ́gba, ó sì sùn lé e lórí. Bó bá kọjá ibẹ̀, bíi kó fi ₦6,000 lé sí i, igun kejì ló máa borí: ₦90,720 sí ₦90,000. Nígbà yẹn, ohun tó bọ́gbọ́n mu ni pé kí ẹ dín Agége kù sí 8, kí ẹ sì ra fúláwà tó dín ní kílò 36.

Bí fúláwà kò bá yí padà, tó jẹ́ èrè Agége nìkan ló ń lọ sókè sódò, igun wa dúró láti ₦1,500 títí dé ₦3,000. Ẹ fi méjèèjì yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ bébà gíráàfù yín. Òun ló máa sọ fún yín ìgbà tó yẹ kí ẹ tún ìṣirò ṣe àti ìgbà tí kò yẹ kí ẹ yọ ara yín lẹ́nu.

Ká ra fúláwà kún un ni, àbí ká fi àsìkò kún ti ààrò?

Fún mi o, ibí ni ìṣirò yìí ti ń san owó ara rẹ̀ padà. Ẹ fi kílò fúláwà kan ṣoṣo kún 300, kí ẹ tún wá igun: èrè á fi ₦100 lé sí i. Ẹ fi ìṣẹ́jú kan kún ti ààrò: ₦200 ni yóò fi lé sí i. Iye tí kílò kan tàbí ìṣẹ́jú kan tó yín nìyẹn, lórí owó rẹ̀ tí ẹ ti yọ tẹ́lẹ̀. Bí ẹnì kan bá fẹ́ ta àpò kan fún yín ní ìrọ̀lẹ́ nígbà tí ọjà ti tán, ẹ lè fi tó ₦5,000 lé iye tí ẹ máa ń rà á láìpàdánù. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ jẹ́ kó máa gbé e lọ.

Ti ààrò, ẹ ṣọ́ra. Wákàtí kan lé kò túmọ̀ sí 60 lọ́nà ₦200. Bí ìlà ààrò ṣe ń sún sókè, igun wa ń gun òkè lára ìlà fúláwà, títí yóò fi forí sọ ìlà ọjà níbi 54. Ìṣẹ́jú 36 péré ló gbà á láti débẹ̀: Agége 14, oníbọ́tà 54, èrè ₦133,200. Ìṣẹ́jú 24 tó kù nínú wákàtí yẹn kò wúlò fún nǹkan kan. Nítorí náà, bí owó dísẹ́ẹ̀lì tàbí gáàsì àti owó àfikún àwọn tó dúró pẹ́ kò bá tó ₦7,200, ẹ yan án. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ pa ààrò.

Ọjà wá ń kọ́? Bí alátùntà bá ní òun lè ta 60 dípò 54, kò kan yín lónìí. Dọ́sìnnì 45 ni ẹ ń ṣe. Ìlà yẹn kò fún yín lọ́rùn.

Kí ló máa ń ba ìṣirò yìí jẹ́?

Àkọ́kọ́ ni pípa wákàtí pọ̀ mọ́ ìṣẹ́jú. Ẹni tó kọ 6x + 8y ≤ 8 kò ní rí tó dọ́sìnnì méjì nínú pápá rẹ̀.

Èkejì ni ìdá. Igun wa bọ́ sí 20 àti 45, tí ààrò yan ní ìkówọlé 4 àti ìkówọlé 9 gẹ́lẹ́, láìṣẹ́kù. Kì í fìgbà gbogbo rí bẹ́ẹ̀. Ẹ ra àpò kan kún un: igun tuntun yóò bọ́ sí Agége 36 àti ìdá méjì nínú mẹ́ta, oníbọ́tà 32 ààbọ̀, èrè ₦131,000. Ẹni tó ń yan ní odidi dọ́sìnnì kò lè yan ìdá. Bí ẹ bá wá fẹ́ kí ààrò kún ní gbogbo ìkówọlé, tí ẹ sì gé e sísàlẹ̀ sí Agége 35 àti oníbọ́tà 30, èrè di ₦123,000. Ó kéré sí èyí tí ẹ ń rí kí ẹ tó ra àpò yẹn! Gígé sísàlẹ̀ kò ní ewu ní ti ààlà, ṣùgbọ́n ó lè gé èrè. Ẹ yẹ àwọn iye tó wà nítòsí wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá yẹ̀ wọ́n wò, ẹ ó rí i pé kò sí ìkówọlé kíkún tó ju 20 àti 45 àtijọ́ lọ, kódà pẹ̀lú àpò 7. Àmọ́ bí ẹ bá fi ìṣẹ́jú 10 péré kún ti ààrò, Agége 35 àti oníbọ́tà 35 á wọlé, kílò 350 á tán géérégé, èrè á sì di ₦133,000. Àpò nìkan kò ní iṣẹ́. Àpò pẹ̀lú ìṣẹ́jú 10 mú ₦7,000 wá.

Nígbà mìíràn ẹ ó ya gbogbo ìlà tán, kò ní sí pápá kankan. Bí ẹ bá ti ṣèlérí Agége 60 fún iléèwé kan, ìlà ìlérí yẹn yóò wà lẹ́yìn ìlà fúláwà tó dá yín dúró ní 50. Bébà kò ṣàṣìṣe. Ó ń sọ fún yín pé ìlérí náà ju agbára yín lọ, ó sì sàn kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ ju kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu oníbàárà.

Ohun tí kò bá lọ gbọọrọ náà máa ń da nǹkan rú. Bí ẹni tó ń ta fúláwà bá ń dín owó fún ẹni tó rà ju àpò 10 lọ, iye èrè orí dọ́sìnnì kan kò dúró sójú kan mọ́. Ẹ ṣe ìṣirò náà lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ lo iye kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹ sì fi àbájáde wéra.

Bó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ kí ìnáwó kéré ni ńkọ́?

Ọ̀nà kan náà ni, a kàn yí i padà ni. Ẹni tó ń po oúnjẹ adìẹ ń wá èyí tí owó rẹ̀ kéré jù. Àgbàdo ní nǹkan bí ìdá 9 purotéènì nínú 100. Sóyà tí wọ́n ti fún òróró rẹ̀ ní nǹkan bí 44, ó sì wọ́n ju àgbàdo lọ. Ààlà rẹ̀ ni pé purotéènì *kò gbọdọ̀ dín sí* iye kan, nítorí náà apá òkè ìlà ló ṣeé ṣe, rúlà yóò sì máa sún bọ̀ wá sọ́dọ̀ òdo.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ wà lára ohun tí wọ́n kọ́kọ́ fi dán iṣẹ́ yìí wò. Ní 1945, George Stigler, onímọ̀ ọrọ̀ ajé ará Amẹ́ríkà, wá oúnjẹ tó rọrùn jù láti fi bọ́ ènìyàn kan fún ọdún kan, nínú oríṣi 77, kí ohun aṣaralóore 9 sì pé nínú rẹ̀. Kò sí ọ̀nà ìṣirò kan pàtó lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà náà. Ó fọgbọ́n wá a dé dọ́là 39.93. Nígbà tí wọ́n fi ọ̀nà Dantzig tún un ṣe ní 1947, dọ́là 39.69 ló jáde.

Bí oríṣi búrẹ́dì bá ju méjì lọ?

Bébà ní ìbú àti òró nìkan. Bí ẹ bá fi búrẹ́dì àgbàdo ṣe ẹ̀kẹta, gíráàfù ti parí iṣẹ́ rẹ̀, ẹ ó nílò kọ̀ǹpútà. Excel, ètò orí kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣe ìṣirò, ní ohun kan tí wọ́n ń pè ní Solver. Ìlà kan náà tí a kọ sókè yìí ni ẹ máa kọ sínú rẹ̀: ìpinnu, ààlà, àfojúsùn. Ẹ fi àmì sí ibi tó ní kí iye má ṣe dín sí òdo. Bí ẹ bá fẹ́ odidi dọ́sìnnì, ẹ yan “int” nínú ààlà. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ ṣe é lẹ́ẹ̀kan láìfi “int” sí i, nítorí ìwé àbájáde tó ń sọ iye tí kílò kan tàbí ìṣẹ́jú kan tó yín kì í jáde bí “int” bá wà níbẹ̀. Níbi tó bá ti bi yín léèrè irú ọ̀nà tí yóò gbà ṣe é, ẹ mú “Simplex LP”. Ọ̀nà tí Dantzig gbé kalẹ̀ ní 1947 nìyẹn: láti igun kan ló ti máa ń bọ́ sí igun mìíràn tí èrè rẹ̀ jù ú lọ, títí kò fi ní rí èyí tó sàn jù mọ́.